Ẹ jẹ́ ká ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn darandaran Texas lẹ́yìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Texas ni mo ń bá wí, pàápàá àwọn tó máa ń ní, "Kí la fẹ́ wò nílé màlúù?" bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ National Ranching Heritage Center tó wà ní Lubbock, lábẹ́ Yunifásítì Texas Tech.

Ilé là ń wò níbẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti ṣí i, ilé àwọn olóko màlúù tó wà níbẹ̀ sì tó bíi 50. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n tú níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, tí wọ́n sì tún un tò síbẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Los Corralitos: ògiri òkúta tó nípọn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, kò ní fèrèsé, àfi ihò kéékèèké tí ẹnu ìbọn ń gbà yọ. Ti oko Matador ńkọ́? Ìdajì ẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, níbo lèèyàn ti fẹ́ rí igi kọ́lé?

Fíìmù ló tàn wá pé òyìnbó nìkan ni kaobọ́ì. Àwọn òpìtàn ní ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Bose Ikard sí ní Mississippi, àmọ́ nígbà tó ń bá Charles Goodnight, olóko màlúù ní Texas, da màlúù lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, òun ni ọ̀gá ń kó owó fún pé kó mú dání. Ó yẹ káwọn ọmọ tá a bí síbí mọ̀ ọ́n.

Wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ọrẹ àwọn èèyàn wà lára ohun tó ń gbé ibẹ̀ ró. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń náwó rẹpẹtẹ sórí aṣọ ẹbí lè yọ díẹ̀ fún wọn, ká lè lẹ́nu láti sọ pé kí wọ́n túbọ̀ gbé ìtàn irú Ikard síta. (Nílé ńkọ́? Oko ẹran Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ti wà tipẹ́. Ta ló ń tọ́jú ìtàn tiẹ̀?)

Lóṣù Kejìlá, wọ́n máa ń tan àbẹ́là àti àtùpà sáwọn ilé náà lálẹ́, àwọn èèyàn á sì wọ aṣọ ayé ìgbà náà. Bíi wákàtí márùn-ún ni láti Dallas. Ẹ mú kóòtù dání o, òtútù Lubbock kì í ṣe ti Houston.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Texas