Lẹ́tà sí Mojísọ́lá lórí ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la

Òkè Àdó,
Ìbàdàn.

Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí òtútù Kánádà má sì ṣe yín ní jàǹbá. Àárò rẹ ń sọ mí púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárò nìkan ni ó mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́ láti ilé yín, Màmá a máa wà nítòsí, etí wọn sì ṣì mú dáadáa.

Díẹ̀ ló kù kí Tanímọ̀la, ajá Màmá, gbé wọn ṣubú lẹ́nu géètì. Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já, wọn kò ṣubú. Ìyá Ìbejì ni ó tètè gbá wọn mú lápá. Ayọ̀ ló ń ṣe ajá náà. Bí ó bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, yóò sáré jáde, yóò sì fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé wọn láyà. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ajá, ẹ̀rín ni a fi ń rín, ṣùgbọ́n ó ti di akọ ajá ńlá báyìí, Màmá sì ti kúrò ní ẹni tí ajá ń fò mọ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé gbọ́, inú bí wọn gidigidi, wọ́n sì ní kí ọdún tó parí, àwọn yóò fa ajá náà lé ọ̀rẹ́ àwọn kan lọ́wọ́ tó ní oko ní ọ̀nà Mọ́níyà. N kò dá wọn lẹ́bi, ìyá wọn ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti fi wá sílẹ̀, ajá yẹn nìkan ni ó ń bá Màmá gbé inú ilé ńlá yẹn lóru. Òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Orúkọ tí Bàbá sì fi sọ ọ́ ṣì ń dun àwọn kan lẹ́yìnkùlé yín títí di òní, o mọ àwọn tí mò ń wí.

Nítorí náà, mo lọ kúnlẹ̀ fún Bọ̀dá Káyọ̀dé pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ kí n kọ́ ajá náà. Wọ́n ní ajá ìbílẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́, pé ajá òyìnbó nìkan ni a ń kọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbà láéláé. Ṣebí ajá ìbílẹ̀ ni àwọn ọdẹ wa ń mú wọ igbó, tí ó ń gbọ́ fèrè, tí ó sì ń dá ẹran dúró, kí ajá òyìnbó kankan tó dé Ìbàdàn?

Nígbà tí àkókò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ pé, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ó ní ajá kì í fò mọ́ ènìyàn nítorí ìwà búburú. Ó ń fò nítorí pé ó ń rí ohun tó ń wá gbà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí a wò ó, kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a fọwọ́ kàn án. Bí a bá ń tì í sẹ́yìn tí a sì ń pariwo mọ́ ọn, eré ni lójú tirẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó máa rí ohun tó dùn ju ìyẹn lọ gbà nígbà tí ìdí rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Ohun náà gbọ́dọ̀ kéré, kí ó rọ̀, kí ó sì máa ta sánsán débi pé imú rẹ̀ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo wo ìpápánu ajá tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Owó rẹ̀ ga, ó sì le. Kí ajá tó rún un tán, yóò ti gbàgbé ohun tí a tìtorí rẹ̀ fún un.

Mo wá pinnu láti máa yan ìpápánu náà fúnra mi, ẹ̀dọ̀ màlúù ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dé Bódìjà kí oòrùn tó mú, kí eṣinṣin tó bo àtẹ, kí n lè rí ẹ̀dọ̀ tó ṣì ń dán, tí kò sì ní òórùn kíkan. Ìdajì kílò ni mo ń rà. Alápatà mi rò pé àlejò ni mo fẹ́ fi ṣe, n kò sì tú u fún un, nítorí pé ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi pọ̀nmọ́ jẹun, kò yẹ kí ènìyàn máa kéde láàárín ọjà pé ajá ni òun ń ra ẹ̀dọ̀ fún. Síbẹ̀, nígbà tí a bá gé e wẹ́wẹ́, ìdajì kílò yẹn ń pẹ́ gan-an kí ó tó tán.

Nígbà tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń lọ̀ ọ́ nínú bíléńdà pẹ̀lú ẹyin 2 títí tí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni n ó ro ife ìyẹ̀fun 2 mọ́ ọn, ti àgbàdo kan, fúláwà kan. N kì í fi iyọ̀ sí i, n kì í fi Màgí sí i, n kì í sì í fi àlùbọ́sà tàbí áyù sí i rárá. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń se ẹ̀dọ̀ ní ilé wa láìsí àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n májèlé ló jẹ́ fún ajá, ì báà ṣe tútù, ì báà ṣe sísè, ì báà ṣe gbígbẹ. Ń ṣe ni ó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara rẹ̀ jẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí a tó rí i pé erìgì rẹ̀ ti ń funfun àti pé kò lágbára mọ́. Àgbàdo náà, mo máa ń ṣà á dáadáa kí n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, nítorí pé àgbàdo tó ti bu lè ní májèlé tí ń pa ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti ẹranko lára; torí májèlé yìí náà ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìlú wa níhìn-ín, fi ṣe akitiyan lórí Aflasafe tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko.

Ìkòkò ńlá tí mo da yanrìn sí nísàlẹ̀ ni mo ń lò lórí gáàsì, irú èyí tí èmi àti ìwọ fi yan kéèkì ọjọ́ ìbí Bàbá lọ́jọ́ sí. Mo máa ń jẹ́ kí yanrìn gbóná dáadáa kí n tó gbé abọ́ pẹrẹsẹ tí mo ti fi òróró pa lé e lórí, n ó sì dé e pa. Ohun tí mo dà sínú abọ́ náà kì í nípọn ju ìka kékeré lọ. Bí ó bá ti ń jinná, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀. Àwọn ìbejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, mo sì fún wọn ní díẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn kò lè jẹ. Táíwò tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó ní, "Ẹ̀yin Àǹtí, ẹ gbàgbé iyọ̀." Tanímọ̀la ní tirẹ̀ jókòó sí abẹ́ fèrèsé, itọ́ rẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ńtì, kò sì ṣẹ́jú.

Bí igi ìgbálẹ̀ tó mọ́ tí mo fi gún un bá jáde láìsí ohunkóhun lára rẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. N ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá, n ó wá fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹyọ kan má tóbi ju ẹ̀wà olóyin lọ. Lẹ́yìn náà ni n ó dá a padà sórí yanrìn, lórí iná tó kéré, kí ara rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀ kí ó má baà máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ìwọ bá fẹ́ ṣe é nínú ófùn tìrẹ fún ajá aládùúgbò yín, 180°C ni kí o fi í sí, fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Èyí tí a óò tètè lò ni mo ń kó sí fíríìjì, ìyókù ń wọ fírísà, ṣùgbọ́n nítorí iná mànàmáná wa tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yan án. Mo sì máa ń fi ẹja títù tí mo ti yọ egungun rẹ̀ àti ọ̀dùnkún bíbọ̀ rọ́pò ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé fítámì A inú ẹ̀dọ̀ pọ̀, àpọ̀jù rẹ̀ kò sì dára fún egungun ajá. Ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò tí o ní o fẹ́ rà fún mi, n kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bá mi wo ara ìgò náà kí o tó fi ránṣẹ́: bí wọ́n bá kọ xylitol sí i, ìyẹn ohun àdídùn kan tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, má ṣe rà á, nítorí pé ó lè pa ajá.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Mo máa ń di ẹyọ kan mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, n ó gbé e sún mọ́ imú rẹ̀, n ó wá rọra gbé e gòkè lọ sápá ẹ̀yìn orí rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ti ń gòkè tẹ̀lé e, ìdí rẹ̀ yóò máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìdí bá ti kan ilẹ̀, n ó ní "Káre!", kíá ni n ó sì fi ẹyọ náà sí i lẹ́nu. Ìyára yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí mo bá pẹ́ tí ó fi dìde kí n tó fún un, ìdìde ni mo sanwó rẹ̀ fún un. Ní báyìí, bí mo bá ti fọwọ́ kan irin géètì, yóò jókòó, gbogbo ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ìrù rẹ̀ yóò máa gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dìde títí n ó fi pè é. Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ.

Ṣùgbọ́n Màmá ni ó yẹ kí ó máa jókòó fún. Ní àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ẹ̀dọ̀ tí à ń fi ṣe àlejò lò ń yan fún ajá?" Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún un pé "Káre, ọmọ mi", ohùn wọn sì ń dùn ún gbọ́ ju tèmi lọ. Mo fún wọn ní agolo mílíìkì kékeré kan tó ní ìdérí, òun ni wọ́n ń fi sínú báàgì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.



Ọ̀rọ̀ agolo yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Dókítà ní ìpápánu kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ ajá lọ, nítorí náà, ìwọ̀n ọjọ́ kan ni mo ń kó sínú rẹ̀. Mo wá ń rí i pé ó ti ń tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo rò pé ìfẹ́ ni Màmá fi ń fún un ní ẹ̀kúnwọ́, àfi ìgbà tí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún ajá náà, abọ́ tí wọ́n ti bọ́ ọ tẹ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Wọ́n ní àwọn kò tíì bọ́ ọ. N kò bá wọn jiyàn. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí wọn kò sùn dáadáa lóru, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwọ ọmọ wọn ni ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo wá ń bẹ̀ ọ́ ní ohun mẹ́ta. Bá Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ̀rọ̀ kí wọ́n ní sùúrù di lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kí wọ́n sì wá wo ajá náà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Nígbà tí wọ́n bá wá, kí wọ́n fara balẹ̀ jókòó ti Màmá di alẹ́, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí mo kọ yìí, kí ẹ lè jọ sọ bóyá ó yẹ kí a mú wọn lọ rí dókítà. Èkejì, Màmá ṣì ń da ọbẹ̀ alálùbọ́sà àti egungun adìyẹ sísè lé oúnjẹ Tanímọ̀la lórí. Egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣónṣó, ó sì lè gún un nífun, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún ìyá tó tọ́ mi pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún ajá wọn kò dára. Bí ó bá ti ẹnu rẹ jáde, wọn yóò gbà. Ẹ̀kẹta kò tó nǹkan: bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà, fi ẹní rọ́bà tí wọ́n ń fi yan nǹkan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní ihò kéékèèké lára, kí n lè máa dà á sínú ihò wọ̀nyẹn dípò kí n máa fi ọ̀bẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó má fẹ̀ ju abọ́ tí ẹ fi ń jẹ ìrẹsì lọ, nítorí ìkòkò mi.

Mò ń retí èsì rẹ. Fi sórí fóònù mi, má ṣe fi sí ti Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àdùkẹ́