Àjọkẹ́ mi, má tún yí tọ́píìkì yẹn padà mọ́

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù York ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Mo gbọ́ voice note ẹ, ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé o tún ti fẹ́ fi Gáná kún dissertation ẹ lórí íńṣọ́ránsì ìlera, pé Nàìjíríà nìkan ò tó. Ta ló ní ò tó? Súpáfáísọ̀ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Masters lò ń ṣe, wọn ò ní kó o wá tún ètò ìlera Áfíríkà ṣe kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Eku méjì lò ń lé yẹn.

Mo mọ ibi tó ti wá ṣá. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì o máa ń wá dúró dè mí ní wọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá ti jáde iléèwé, o rí àwọn ọkọ tó máa ń di lísìtì mú, gílọ́ọ̀fù, òwú, Izal, bílíìṣì, ìyàwó ń rọbí nínú, ọkọ ń fóònù ẹbí kiri pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá nǹkan. NHIS, ètò íńṣọ́ránsì ìlera ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 2005 lóòótọ́ àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ mọ adùn ẹ̀, òfin 2022 wá ní ó ti di dandan fún gbogbo èèyàn, lọ bi àwọn aláta Bódìjà wò ná.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé nínú NDHS 2018, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, bíi 97 nínú 100 obìnrin ni ò ní íńṣọ́ránsì kankan, o wá ń bẹ̀rù pé àwọn tó ní in kéré jù. Obìnrin 41,821 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 3 nínú 100 wọn ṣì lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àbí ìṣirò mi ò pé ni? Pé wọ́n kéré yẹn gan-an niṣẹ́ ẹ, sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ṣé olówó ni àbí akọ̀wé, ṣé ará ìgboro ni àbí ará oko.

Chapter tó o ti máa sọ ohun tó o fi dáta ṣe ni kó o kọ́kọ́ kọ, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lè dúró. Fi ránṣẹ́ pẹ̀lú wúruwùru ẹ̀, kí súpáfáísọ̀ fi bírò pupa kùn ún, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Gáná, kọ ọ́ síparí pé ẹlòmíì lè ṣe é. Kó o sì dín shift ilé àwọn arúgbó yẹn kù, a máa wá nǹkan sí owó ilé oṣù yìí, má bá mi jiyàn.

Tó o bá ti fi chapter yẹn ránṣẹ́ tán kó o pè mí, kì í ṣe kó o tó fi ránṣẹ́ o, torí a máa sọ̀rọ̀ dòru ni.

Màmá ẹ