Ariwo ọjà kọ́ la fi ń mọ fíìmù tó nípa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì tó nípa jù lọ, mo sì ka lẹ́tà àwọn tó fèsì sí i. Star Wars ni ọ̀pọ̀ wọn ń pariwo. Ẹ̀rí wọn? Owó tó pa àti èrò tó wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kò ju pé ọjà tà lọ. Ohun tí àwọn tó dé lẹ́yìn mú lára fíìmù la fi ń mọ ipa rẹ̀, pàápàá ohun tí àwọn tí kò wò ó rí ń lò láìmọ orísun rẹ̀.

Frau im Mond (Obìnrin Orí Òṣùpá) tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní 1929 ni tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fíìmù tí kò lóhùn ni. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbéra lọ sí òṣùpá, òǹkà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ńṣe ló ń bọ̀ wálẹ̀, tí nọ́ńbà ń yọ lójú àwòrán: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta... Àlàyé Lang ni pé bí òun bá ń kà á lọ sókè, òǹwòran kò ní mọ ibi tó máa dúró sí. Bó bá ń lọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló mọ ìgbà tí iná máa sọ. Ọgbọ́n àtimú àyà èrò já lásán ni o! Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á. Hermann Oberth, àgbà onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ló gba Lang nímọ̀ràn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì inú fíìmù náà ń já apá tí epo rẹ̀ ti tán dànù lọ́nà, bíi ti Saturn V tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá ní 1969. Kódà, rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun V-2 tí àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ rí fò dáadáa ní oṣù kẹwàá 1942, àwòrán obìnrin orí òṣùpá ni wọ́n yà sí i lára.

N kò ní kí ẹ ju Star Wars (1977) nù. Ìtàn rẹ̀ ni kò jọ mí lójú: jagunjagun, idà, ọmọ ọba obìnrin nínú àtìmọ́lé, àlọ́ àtijọ́ ni. Àmọ́ ilé iṣẹ́ Industrial Light & Magic tí George Lucas dá sílẹ̀ ní 1975 nítorí rẹ̀ lo ẹ̀rọ tó ń mú kámẹ́rà tọ ipa kan náà léraléra láìyẹ̀, kí wọ́n lè to àwòrán ọkọ̀ òfurufú léra. Ilé iṣẹ́ yìí náà ló fi kọ̀ǹpútà ṣe dáínósọ̀ fún Jurassic Park ní 1993. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ yọ Blade Runner torí pé kò pawó ní 1982, kó lọ wo ìlú ọjọ́ iwájú nínú àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e: òru, òjò, iná aláràbarà lára ilé gogoro. Á mọ ibi tí wọ́n ti jí i.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fíìmù WarGames? Nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan ló ti inú ilé fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà ológun. Ààrẹ Reagan ti Amẹ́ríkà wò ó ní oṣù kẹfà 1983, ó sì bi ọ̀gá àgbà ológun léèrè bóyá irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Èsì tó gbà ni pé ọ̀rọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1984, ó buwọ́ lu àṣẹ lórí ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba. Èwo nínú àwọn tí ẹ tò ló ti mú ààrẹ fọwọ́ síwèé rí?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín