Mo ti tún wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé owó ìnàdànù ni kéèyàn lọ máa sọ ẹ̀dùn ọkàn fún olùtọ́jú ọkàn, pé àṣà òyìnbó ni, pé òun lọ lẹ́ẹ̀mejì, òun ò rí nǹkan kan mú bọ̀. Mi ò bá a jà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Télọ̀ ni mí nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mọ́tò tó ń gbé wa bọ̀ láti Iléṣà gbókìtì, tí àbúrò mi obìnrin sì bá a lọ. Apá mi tó kán jinná. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ tí àgbèrò ń pe "Iléṣà! Iléṣà!", òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kìkìkì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣègbéyàwó ọmọ níbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí mo rán dé ibẹ̀, èmi tí mo rán an ò dé.

Olùtọ́jú tí mo kọ́kọ́ lọ bá kàn ń gbọ́ mi ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, á ní, "Ó jọ pé ẹ ń dá ara yín lẹ́bi." Mo ní, ṣé ohun tí mo sanwó fún nìyí? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀nà Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà, ló ń tọ̀: kí olùtọ́jú fetí sílẹ̀, kó má dáni lẹ́jọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ là á jáde pé èmi ni mo ní kí àbúrò mi jókòó síwájú, kó lè ráyè na ẹsẹ̀. Ẹkún ọjọ́ yẹn gbé nǹkan kúrò láyà mi. Àmọ́ mi ò tíì lè wọ mọ́tò.

Ìkejì ò ní kí n rojọ́ púpọ̀. Ó ní kí n to ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù. Lọ́sẹ̀ kìíní, a kàn lọ dúró ní gáréèjì. Lọ́sẹ̀ kejì, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí wọn ò tíì ṣíná ẹ̀, mo di ìjókòó iwájú mú gírígírí, ó ní n ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfìgbà tí àyà mi bá rọlẹ̀. (Dẹ́rẹ́bà rò pé orí wa ti yí, ó ṣáà gba owó ìjókòó méjì.) Ó wá kan kí a wọ mọ́tò dé Ìgbàrà-Òkè. Ó kan Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo bì lọ́jọ́ yẹn. Joseph Wolpe, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tó la irú ọ̀nà yìí. 1958 ló tẹ ìwé ẹ̀ lórí ọ̀nà náà jáde.

Ti àṣà òyìnbó yẹn ńkọ́? Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ. Ní 1954, nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí láàárín ará abúlé, tó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Pásítọ̀ mi náà gbàdúrà, mo ṣe àmín. Àdúrà ò ní kí n má lọ sí gáréèjì.

Ẹni tí mo bá rán bùbá fún tí ò bá a mu, kì í torí ẹ̀ rìn níhòòhò, télọ̀ mìíràn ló ń wá. Kí bàbá yẹn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lọ bá: ọ̀nà wo lẹ ń lò?

Lóṣù tó kọjá, mo fọwọ́ ara mi gbé aṣọ mẹ́fà lọ sí Iléṣà. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí o.

Èmi ni,
Ìyá Télọ̀,
Àkúrẹ́.