Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. Iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí o dáwọ́ lé yẹn, Ọlọ́run yóò fún ọ lókun parí rẹ̀. Mo ti wo àwòrán láptọ́ọ̀pù tí o fi ránṣẹ́, mo sì ka gbogbo àlàyé tí wọ́n kọ sí i. O ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ: ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́ báyìí, tí kò ní ju ihò USB-C méjì (ihò kékeré tí okùn ṣájà àti ti dátà ń wọ̀) àti ihò íáfóònù kan lọ, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó ọwọ́ rẹ?

Ìdáhùn mi ni pé ihò tó dín kù kọ́ ló yẹ kó máa bà ọ́ lẹ́rù jù. Ihò ṣeé fi owó rà padà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí wọ́n yọ̀ǹda kí ẹ̀rọ náà lè fẹ́lẹ́, tí owó kò ní lè rà padà mọ́ bí o bá ti gbé e délé. Àwọn yẹn ni mo fẹ́ kí o wádìí.

Ti ìwúwo ná, torí ìwọ lo máa rù ú. Iṣẹ́ rẹ kì í ṣe iṣẹ́ ìdí tábìlì. Ẹni tó ń gbé àpò kọ́ èjìká láti àárọ̀ dalẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kílò kan àti kílò méjì ààbọ̀, mi ò sì ní gbà fún ẹni tó bá sọ pé fáàrí lásán ni kí ẹ̀rọ fúyẹ́. Nígbà tí Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple nígbà náà, fa láptọ́ọ̀pù MacBook Air àkọ́kọ́ yọ nínú àpòòwé ní oṣù kìíní ọdún 2008, ihò USB ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, kò sí ibi tí a ń ki síídì sí, kò sí ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì. Àríwísí pọ̀ lọ́jọ́ náà. Lónìí, ta ló ṣì ń wá ibi tí yóò ki síídì sí? Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ kúrò ni ìrẹ́jẹ.

Ìdí tí àwọn ihò náà fi ń pòórá kò fara sin. MacBook tí Apple ṣe ní ọdún 2015, mílímítà 13.1 péré ni níbi tó ti nípọn jù, àti sikirínì àti ìdí ẹ̀rọ lápapọ̀. Ihò tó máa gba orí okùn íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú irin tó yí i ká, fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó gbogbo ara ẹ̀rọ yẹn. Ibo ni wọ́n fẹ́ fi sí? Ihò USB-C kò ga ju nǹkan bíi mílímítà 2.6 lọ, iná, àwòrán àti dátà sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀yà tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà inú ẹ̀rọ sí. Bí bọ́ọ̀dù bá ṣe kéré tó ni bátìrì ń rí àyè sí i tó. Ní ti MacBook 2015 yẹn, bátìrì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o lajú sílẹ̀ ni pé àwọn ihò USB-C jọra bí ìbejì, àmọ́ agbára wọn kò dọ́gba. Òmíràn ń gbé mẹ́gábíìtì 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn ń gbé gígábíìtì 40. Bí o bá fẹ́ kó fọ́nrán tó tó 60 GB sórí dírááfù ìta, èyí tó falẹ̀ yẹn lè gbà ọ́ tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, nígbà tí ihò àti dírááfù tó yára kò ní jẹ́ kí o mumi tán kó tó parí. Òmíràn ń gbé àwòrán lọ sí projector tó ń tan àwòrán sára ògiri, òmíràn kò lè ṣe é rárá. Okùn náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń bá ṣájà wá, iná ni wọ́n ṣe é fún. Dátà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò yára. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà. Ìwé àlàyé ẹ̀rọ ni kí o kà, kí o wo ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan lè ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí o sì wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi wọ́n sí. Mo jókòó ti ẹnìkan tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwùjọ, ihò méjèèjì lára ẹ̀rọ rẹ̀ wà lápá òsì. Ṣájà wà nínú ọ̀kan, hub, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ ihò kan di púpọ̀, wà nínú èkejì. Hub náà ń rọ̀ dirodiro létí tábìlì, okùn HDMI tó nípọn, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí projector, ń fà á nílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti kan okùn báyìí, àwòrán ara ògiri á ṣẹ́jú, á kú, á tún tàn padà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan hub yẹn, ó gbóná débi pé mi ò lè fi àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra hub, ra èyí tó ní okùn kúkúrú tirẹ̀ tó lè sùn sórí tábìlì, tó sì ní ihò káàdì mẹ́mọ́rì fún kámẹ́rà rẹ. Bí o bá sì rí láptọ́ọ̀pù tí ihò rẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì, ó dára ju èyí lọ fíìfíì.

Ó parí ní ti ihò. Ohun tó ká mi lára gan-an ni RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí.

Bí o bá tú ìdí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, wàá rí RAM rẹ̀: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ inú àyè tirẹ̀, tí irin kékeré méjì dì mú lọ́tùn-ún lósì. Fi èékánná ti àwọn irin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, pátákó náà á ta sókè fúnra rẹ̀, wàá fà á yọ, wàá fi èyí tó tóbi jù ú rọ́pò. Ọmọdé lè ṣe é. Tú ìdí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òde òní wò: ohun dúdú pẹlẹbẹ bíi mélòó kan ni wàá bá lẹ́bàá processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tí wọ́n ti fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tí o lè fà yọ níbẹ̀.

Wọn kò ṣàdédé ṣe bẹ́ẹ̀. Irú RAM tí wọ́n ń lò níbẹ̀, LPDDR, kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀nà tó so ó mọ́ processor kúrú gan-an. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí o bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wàá máa lò títí ẹ̀rọ náà fi máa kú. Èyí tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, 8 GB ló ní. Mo bẹ̀ ọ́, má rà á, kódà bí wọ́n bá gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Bó o ṣe ń ṣí ohùn, fọ́tò àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, láti 16 GB lọ sókè ni kí o máa wò. Ní ọdún 2024, irú kan tí wọ́n ń pè ní LPCAMM2 dé inú láptọ́ọ̀pù, LPDDR ni òun náà ṣùgbọ́n ó ṣeé yọ. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ̀rọ tó ní in kò tíì pọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù náà wà lára ohun tí mo ní lọ́kàn. O rántí àríyànjiyàn kíbọ́ọ̀dù Apple? Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣe èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í rìn tó mílímítà kan tí o bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ lè fẹ́lẹ́. Eruku díẹ̀ péré tó, bọ́tìnnì á há, tàbí kó kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe rẹ̀ ló le jù, torí kíbọ́ọ̀dù yẹn àti àtẹ òkè ẹ̀rọ kò ṣeé yà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ àtẹ kan náà. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di òpin ọdún 2019, wọ́n padà sí irú ti tẹ́lẹ̀ nínú MacBook Pro oní-íńṣì 16. Ní ọdún 2021, wọ́n dá ihò HDMI àti ti káàdì mẹ́mọ́rì padà sára MacBook Pro. Ẹ̀rọ oní-íńṣì 16 yẹn kúrò ní mílímítà 16.2, ó di 16.8. Ìnípọn tí kò tó mílímítà kan, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn.

Ooru kò gba àlàyé púpọ̀. Ara tó fẹ́lẹ́ kò ní àyè fún fáànù ńlá, nítorí náà processor á sáré fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá ti gbóná á dẹ ẹsẹ̀. Processor tí kì í jẹ iná púpọ̀ ń mú èyí rọrùn. Láti ọdún 2020 ni MacBook Air tó ní M1, processor tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ láìní fáànù kankan. Àmọ́ ìwọ tí o fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà sọ ohùn wákàtí kan di ọ̀rọ̀ kíkọ, má wo ìdánwò ìṣẹ́jú méjì. Wá èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ pẹ́.

Kí o má sì rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Framework gbé láptọ́ọ̀pù kan jáde ní ọdún 2021: mílímítà 15.85, kílò 1.3. Àyè mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí o lè ki káàdì kéékèèké sí, kí o fi USB-C síbi kan, HDMI síbi kejì, kí o sì pààrọ̀ wọn bó bá ṣe wù ọ́. RAM rẹ̀ ṣeé yọ, bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Nígbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe, wọn kò fẹ́ ṣe é ni.

Nítorí náà, kí o tó san owó, jọ̀wọ́ kọ gbogbo ohun tí o máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ iṣẹ́ rẹ tó le jù sínú ìwé, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Béèrè bóyá irú ẹ̀rọ yẹn kan náà wà ní 16 GB, kí o sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti bátìrì rẹ̀. Bí wọn kò bá lè dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n bá ọ wá òmíràn. Mo ní àkókò lópin ọ̀sẹ̀ yìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.