Ẹ Pa Ẹ́ńjìnnì Tẹ́ ẹ Bá Ti Páàkì

Ẹ̀yin dírẹ́bà wa ní Kàbbà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná Ìsánlú àti Lọ́kọ́ja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ máa ń tàn sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de èrò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà nínú páàkì ló ń fa èéfín yẹn símú látàárọ̀, ọmọ tí wọ́n pọ̀n náà ń fà á, bẹ́ẹ̀ láti 2012 ni ẹ̀ka WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ti sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísẹ̀lì máa ń fa jẹjẹrẹ. Ti pẹtiróòlù náà ò dáa, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú ẹ̀, kò lóòórùn, ojú ò rí i, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn sínú ọkọ̀ tí wọ́n tan AC sí. Ẹ sì mọ iye tá à ń ra epo látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, kí la wá ń jó o dànù fún nígbà tí ọkọ̀ ò rìn? Tí èrò ò bá tíì kún, ẹ pa á. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé tiẹ̀ ò ní stáàtì mọ́, kó tètè jẹ́ kí rẹwáyà wo bátìrì àti kíkstátà ẹ̀. Àtọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ o.