Àkànní, Níbo Lò Ń Sùn?

Àkànní ọmọ mi,

Láti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni fóònù rẹ kò ti lọ mọ́, ó pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ti Èkó dé wá sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lójú gbogbo èèyàn, pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sítúdíò lo ń sùn. Ṣé òótọ́ ni? Níbo lò ń sùn?

Ara màmá rẹ le, orúnkún nìkan ló ń dùn ún. Àbúrò rẹ ti wọ yunifásítì LAUTECH. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ti tán, àwọn ọmọdé ò jẹ́ kó pọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Ìtúnu ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Mo ní láti ìgbà tí Síkírù Àyìndé Barrister ti kú ní 2010, kò sí olórin tó dá ohun tuntun sílẹ̀ mọ́, pé kọ̀ǹpútà ló ń kọrin fún ẹ̀yin. O ò fèsì. O di ẹrù rẹ.

Àbúrò rẹ ló gbé orin Asake kan tó jáde ní 2022 sí mi létí. Mo fẹ́ lé e jáde. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ àwọn tó ń gbe orin náà, ó ṣe mí bí ìgbà tí àwọn oníwéré ń jí wa sí sààrì, amapiano, ìlù ijó tó ti South Africa wá, sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé rédíò tí mo ń tún ṣe sílẹ̀, mo ní kó tún un fi sí i. Ohun tí Barrister ṣe gan-an nìyẹn: ó mú wéré, ó pa á pọ̀ mọ́ àpàlà àti sákárà, ó pè é ní fújì. I. K. Dairo fa àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Nígbà tí fújì dé, bàbá mi ní ariwo ọmọ ìta ni. Ẹnu bàbá mi ni mo fi bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Má wá rò pé o ti jàre o! Láti kékeré ni Barrister ti ń ṣe wéré láàrin ẹgbẹ́, níbi tí bí o bá ṣi ohùn gbé, wọ́n á bá ọ wí lójú ẹsẹ̀. Ìwọ nìkan nínú yàrá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ta ni yóò sọ fún ọ pé ibí yìí kò dùn? Wá onígángan kan lọ jókòó tì. Kọ́kọ́ jẹun ná. Ṣé ò ń rí oúnjẹ jẹ? Níbo lò ń sùn, Àkànní?

Mi ò sọ fún ọ rí: mo ta gìtá. Kí n tó kọ́ṣẹ́ rédíò, mo ń bá ẹgbẹ́ oníjùjú kan lọ òde àríyá, a máa ń dé Ìṣẹ́yìn. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ta gìtá náà ní 1981, mo fi owó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù. Kò fipá mú mi. Èmi ni mo tà á. Láti ìgbà náà, bí olórin kan bá dáa nínú rédíò tí mo tún ṣe, nǹkan kan a máa gún mi láyà. Bóyá ohun tó ń jẹ́ kí n sọ pé kò sí olórin mọ́ nìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà tó ń na Ọ̀jọ̀ta ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó fún ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ta fóònù. Kíbọ́ọ̀dù rẹ tí mo tì mọ́ yàrá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú méjì tí kò dún, mo ti tún wọn ṣe. Pè mí, kódà bó jẹ́ òru.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.